Ikú Ilé, Ikú Òde: Bí Ẹ̀ṣọ́ Tó Ń Lé Fáírọ́ọ̀sì Ṣe Ń Dojú Kọ Jẹjẹrẹ

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gbà pé ọ̀tọ̀ ni àrùn tí kòkòrò ń fà, ọ̀tọ̀ sì ni jẹjẹrẹ. Ìta ni fáírọ́ọ̀sì ti ń wọlé: a lè kó o lára ẹlòmíràn, ibà a máa bá a rìn, bó bá sì ṣe díẹ̀, ara lè lé e jáde. Inú ara wa gan-an ni jẹjẹrẹ ti ń dìde ní tirẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tiwa ni, tí kò gbọ́ àṣẹ mọ́, tó wá ń pọ̀ sí i láìdáwọ́ dúró. Àwọn àgbà wa náà mọ ìyàtọ̀ ewu méjì yìí, àwọn ló sọ pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ohun tí mo fẹ́ kọ lé lórí lónìí ni pé nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tí wọ́n ń dojú kọ ikú méjèèjì pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti gba ọkàn mi pátápátá, mo sì gbà pé ó yẹ kí á máa sọ ọ́ ní èdè wa, nítorí ó kan abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún àwọn ọmọbìnrin wa àti oògùn tí wọ́n ń fún àwọn èèyàn wa tó ń ṣàìsàn.

Ẹyin adìyẹ ni ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1957, Alick Isaacs, ọmọ Scotland, àti Jean Lindenmann, ọmọ Switzerland, jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí ìṣègùn kan ní Mill Hill, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n mú fáírọ́ọ̀sì tó ń fa influenza, wọ́n fi ooru pa á, wọ́n sì dà á mọ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó máa ń wà nínú ẹyin tí ọmọ adìyẹ ti ń dàgbà. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọ́n yọ awọ náà kúrò, wọ́n sì fi omi tó ṣẹ́ kù sílẹ̀ rẹ awọ tuntun tí kò rí fáírọ́ọ̀sì rí. Nígbà tí wọ́n wá da fáírọ́ọ̀sì ààyè sórí awọ tuntun yìí, kò lè gbilẹ̀ níbẹ̀. Ó hàn gbangba pé awọ àkọ́kọ́ ti tú nǹkan kan sínú omi náà, nǹkan tó ń kìlọ̀ fún èyí tí ewu kò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n pe nǹkan náà ní interferon. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ní 1954, ọdún mẹ́ta ṣáájú wọn, Yasuichi Nagano àti Yasuhiko Kojima ti rí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lára ehoro ní Japan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ariwo tiwọn kò dún tó ti Lọ́ńdọ̀nù.

Ńṣe ni interferon ń jẹ́ iṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì ti kọ lù sí àwọn tó wà nítòsí rẹ̀. Kì í ṣe òun fúnra rẹ̀ ló ń pa fáírọ́ọ̀sì. Ẹni tó gbọ́ iṣẹ́ náà ló ní láti gbé ìgbésẹ̀, inú DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlànà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, sì ni ìgbésẹ̀ ọ̀hún wà. Gbogbo sẹ́ẹ̀lì ara wa, àfi díẹ̀, ló ní DNA kan náà, pẹ̀lú jíìnì bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tó ń sọ bí a ṣe ń ṣe purotéènì, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì kì í lo gbogbo jíìnì yìí lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn purotéènì kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti lọ lẹ̀ mọ́ DNA ní ojú ibi pàtó kan, kí wọ́n sì mú kí jíìnì tó wà níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tàbí kí wọ́n dá a dúró. Adarí jíìnì ni wọ́n. Ní 1988, Tadatsugu Taniguchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Osaka, ní Japan, rí ọ̀kan tó ń lẹ̀ mọ́ jíìnì interferon fúnra rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní IRF1 (IRF ni ìkékúrú “interferon regulatory factor”, ìyẹn adarí interferon). Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí IRF2, èyí tó máa ń jìjàdù ojú ibi kan náà lórí DNA pẹ̀lú IRF1, tó sì máa ń fa iṣẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Lónìí, a mọ̀ pé mẹ́sàn-án ni wọ́n nínú ìdílé náà lára èèyàn àti eku.

Ìwádìí fáírọ́ọ̀sì ni gbogbo èyí títí di 1993. Ní ọdún náà, ẹgbẹ́ Taniguchi mú sẹ́ẹ̀lì eku tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo, wọ́n sì ṣe é tí IRF2 fi pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì náà yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ bíi ti jẹjẹrẹ, nígbà tí wọ́n sì fi sára eku, ó di kókó. Wọ́n wá fi kún iye IRF1 tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì tó ti yí padà yìí, ó sì padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́. Mo ti ka ìròyìn ìwádìí náà lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tó sì máa ń dá mi dúró nìyí: kò sí fáírọ́ọ̀sì kankan nínú àwo yẹn. Kò sí ẹni tó kọ lu sẹ́ẹ̀lì náà láti ìta. Síbẹ̀, adarí jíìnì tí a mọ̀ sí ọmọ ogun tó ń bá fáírọ́ọ̀sì jà ló ń pinnu bóyá yóò di jẹjẹrẹ tàbí kò ní dì í.

Ní ọdún kejì, ìyẹn 1994, wọ́n ṣe èyí tó tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Jíìnì kan wà tó ń jẹ́ Ras, tó máa ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó pín ara rẹ̀ sí méjì nígbà tó bá yẹ. Bó bá bàjẹ́ lọ́nà kan, kò ní lè dákẹ́ mọ́, ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ èèyàn ni a sì ti rí Ras tó bàjẹ́ báyìí. Wọ́n fi Ras tó bàjẹ́ sínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú lára ọlẹ̀ eku, àwọn kan ní IRF1, àwọn kan kò ní in. Sẹ́ẹ̀lì tó ní IRF1 kò di jẹjẹrẹ. Nígbà tí wọ́n sì da oògùn jẹjẹrẹ lé e lórí tàbí tí wọ́n tan ìtànṣán sí i, ó pa ara rẹ̀. Èyí tí kò ní IRF1 di jẹjẹrẹ, oògùn àti ìtànṣán kò sì mú un pa ara rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé sẹ́ẹ̀lì tó pa ara rẹ̀ yìí, iṣẹ́ tí ì bá ṣe bí fáírọ́ọ̀sì bá wọ inú rẹ̀ ló ṣe yẹn. Fáírọ́ọ̀sì kò lè bímọ láìlo sẹ́ẹ̀lì, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì tó bá tètè kú ti dínà mọ́ fáírọ́ọ̀sì, ó sì ti gba àwọn tó kù là. Bẹ́ẹ̀ náà ni sẹ́ẹ̀lì tí Ras rẹ̀ ti bàjẹ́, tó sì kú, kò ní bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn tó jọ ọ́.

Àwọn tó ń wá ọ̀rọ̀ tó rọrùn yóò fẹ́ kí n sọ pé ẹni tí kò bá ní IRF1 yóò ní jẹjẹrẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1999, ẹgbẹ́ kan náà fi hàn pé eku tí wọ́n kàn yọ IRF1 kúrò lára rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ní kókó ju àwọn yòókù lọ. Ìgbà tí wọ́n tún fi Ras búburú tàbí àìsí p53, purotéènì kan tó ń dènà jẹjẹrẹ, kún un ni nǹkan burú kíákíá. Lára èèyàn pẹ̀lú, ọ̀rọ̀ náà ní ìfà-á-gùn-ún. Ní 1993, àwọn oníwádìí ní Amẹ́ríkà kéde pé jíìnì IRF1, tó wà lórí krómósómù karùn-ún (krómósómù ni okùn tí DNA wà nínú rẹ̀), máa ń sọnù lára àwọn kan tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí tí mùdùnmúdùn egungun wọn kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn yẹ àwọn aláìsàn wò, wọ́n sì rí àwọn tí apá kan krómósómù náà ti já lára wọn tí IRF1 sì wà níbẹ̀ pérépéré. Nígbà tó sì di 2008, jíìnì mìíràn lórí krómósómù yẹn, tó ń jẹ́ RPS14, ni a rí pé ó wà nídìí àìsàn ẹ̀jẹ̀ kan tí ìjákúrò náà máa ń fà. Lójú mi, àríyànjiyàn yìí kò dín iyì IRF1 kù, ó kàn kọ́ wa pé ohun tí a rí lára eku gbọ́dọ̀ fara da àyẹ̀wò lára èèyàn ká tó gbé e kalẹ̀.

IRF8, ọmọ ìdílé IRF mìíràn, ni ẹ̀rí tirẹ̀ dá mi lójú jù nínú ọ̀ràn ẹ̀jẹ̀. Ní 1996, a rí i pé eku tí kò ní IRF8 máa ń ní àìsàn tí sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ jù, èyí tó jọ irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó máa ń rọra jẹ èèyàn. Wọ́n wo àwọn èèyàn tó ní jẹjẹrẹ náà, wọ́n sì rí i pé IRF8 ti dín kù gan-an lára wọn. Ṣáájú kí oògùn imatinib tó dé ní 2001, interferon ni àwọn dókítà máa ń fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, lára àwọn tó bá ṣiṣẹ́ fún, IRF8 a sì máa gòkè. Oògùn tí a fi ń lé fáírọ́ọ̀sì ló ń jí adarí jíìnì tó ń kó sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ níjàánu.

Mo ti dárúkọ p53. Láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni a ti mọ̀ ọ́n, gbogbo onímọ̀ jẹjẹrẹ ló sì mọ̀ pé bí DNA bá bàjẹ́, òun ló ń pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì dúró kó tún ara rẹ̀ ṣe, tàbí kó kú. Nínú nǹkan bí ìdajì jẹjẹrẹ èèyàn, jíìnì rẹ̀ ti bàjẹ́. Ní 2003, Taniguchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ti wà ní Tókíò nígbà náà, fi hàn pé interferon ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ṣe p53 púpọ̀ sí i, àti pé eku tí kò ní p53 kì í lè kojú fáírọ́ọ̀sì bó ṣe yẹ. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà: IRF1 tí a mọ̀ mọ́ fáírọ́ọ̀sì ń gbógun ti jẹjẹrẹ, p53 tí a mọ̀ mọ́ jẹjẹrẹ ń gbógun ti fáírọ́ọ̀sì. Àwa tí a kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la pín iṣẹ́ wọn sí méjì.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kó lọ wo ohun tí àwọn fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ ń ṣe. Fáírọ́ọ̀sì HPV, pàápàá irú kẹrìndínlógún rẹ̀, ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Harald zur Hausen, ọmọ Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 fún ìwádìí tó fi èyí múlẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì náà kéré, jíìnì rẹ̀ kò pọ̀, kò sì ní àyè tí yóò fi ṣòfò. Síbẹ̀, ó ya purotéènì kan tó ń jẹ́ E6 sọ́tọ̀, tó máa ń dì mọ́ IRF3, tí òun náà jẹ́ ọmọ ìdílé IRF, tó sì máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì fọ́ p53 rẹ̀ túútúú. Ó tún ní òmíràn, E7, tó máa ń dì mọ́ IRF1. Ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń wá kò ju àyè àtibímọ lọ. Kò ní jẹjẹrẹ lọ́kàn, nítorí jẹjẹrẹ kò ṣe é láǹfààní. Àmọ́ nígbà tó ti di ẹ̀ṣọ́ tòde lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, ó ti di tilé pẹ̀lú, nítorí ẹ̀ṣọ́ kan náà ni. Fáírọ́ọ̀sì tó ń fa jẹjẹrẹ Kaposi, èyí tí Yuan Chang àti Patrick Moore ṣàwárí ní 1994, tún gbọ́n ju èyí lọ: ó ní jíìnì mẹ́rin tirẹ̀ tó jọ ti ìdílé IRF, tó fi ń ṣe ayédèrú tí ń dí ojúlówó lọ́wọ́.

Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn ọmọbìnrin láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí mẹ́rìnlá ní abẹ́rẹ́ HPV ní oṣù Ọ̀wàrà 2023, mo gbọ́ tí ìyá kan ń bi nọ́ọ̀sì léèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé pé, “Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní abẹ́rẹ́ fáírọ́ọ̀sì ni, ẹ tún ní ti jẹjẹrẹ ni. Èwo gan-an ni ká mú níbẹ̀?” Nọ́ọ̀sì náà, tí àwọn ọmọ ti yí ká, dáhùn pé, “Méjèèjì ni, Mummy, ọ̀kan náà ni wọ́n.” Ó padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè ìyá yẹn kì í ṣe ti aláìmọ̀kan rárá. Ìbéèrè tí àwọn ilé ìwádìí ńlá lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ lórí rẹ̀ ni, ì bá sì wù mí kí gbogbo ìyá tó ń ṣiyèméjì lórí abẹ́rẹ́ náà rí ẹni jókòó tì wọ́n kó ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa.

Báwo wá ni ẹ̀ṣọ́ yìí ṣe ń mọ̀ pé jẹjẹrẹ ń bọ̀, nígbà tí kò sí àlejò kankan? Ìdáhùn kan tó dára wá láti Dallas, ní Amẹ́ríkà, níbi tí ẹgbẹ́ Zhijian Chen ti ṣàwárí purotéènì cGAS. Yàrá àárín sẹ́ẹ̀lì ni DNA ń gbé. Bí a bá bá DNA níta yàrá yẹn, cGAS máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, á sì ṣe kẹ́míkà kékeré kan tó ń ta purotéènì mìíràn, STING, lólobó. STING á pe purotéènì TBK1, TBK1 á fi àmì fósífétì sára IRF3, IRF3 méjì á so pọ̀, wọ́n á wọ yàrá DNA lọ, jíìnì interferon á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Fáírọ́ọ̀sì tó ní DNA ni ara kọ́kọ́ pèsè gbogbo èyí sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n cGAS kì í béèrè ẹni tó ni DNA, ibi tó ti bá a nìkan ló ń wò. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ sì máa ń pín ara rẹ̀ ní wàdùwàdù: krómósómù á já, èyí tó já á ṣẹ́ kù síta, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ á bò ó, awọ náà á sì ya. Ní 2017, ó hàn pé cGAS máa ń wọ inú irú àpò kékeré bẹ́ẹ̀, á sì pariwo bí ẹni pé fáírọ́ọ̀sì ló wọlé. Mo gbà pé ibi yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi jù lọ: ẹ̀ṣọ́ náà ń wá ohun tí kò sí ní ipò rẹ̀, yálà ilé ló ti wá tàbí òde.

Ariwo yẹn kì í ṣe fún sẹ́ẹ̀lì nìkan. Interferon máa ń pe àwọn sẹ́ẹ̀lì jagunjagun inú ẹ̀jẹ̀, ó sì máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ fi ara rẹ̀ hàn wọ́n. Ní 2001, Robert Schreiber àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní St. Louis gún eku ní kẹ́míkà tó ń fa jẹjẹrẹ. Àwọn tí kò ní STAT1, adarí jíìnì tó ń gbé iṣẹ́ interferon dé DNA, ní kókó púpọ̀ ju àwọn yòókù lọ, kókó náà sì tètè yọ lára wọn.

Mo mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ka ibi tí mo dé yìí lè sọ pé, ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá ohun tí yóò mú ẹ̀ṣọ́ náà gbóná sí i lójoojúmọ́. Àwọn tó ń ta àgbo àti ìyẹ̀fun tó ń “fún ara lágbára” lórí Facebook àti nínú ọkọ̀ ń sọ bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ó sì máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí aláìsàn jẹjẹrẹ tó fi owó ìtọ́jú rẹ̀ rà á. Ara kò rí bẹ́ẹ̀. IRF4, tó jẹ́ ọmọ ìdílé kan náà, wà lára ohun tí jẹjẹrẹ mùdùnmúdùn egungun tí wọ́n ń pè ní myeloma gbójú lé láti máa wà láàyè. IRF1 fúnra rẹ̀, nígbà tí interferon bá ti pẹ́ lórí kókó, máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ gbé purotéènì PD-L1 sára, èyí tó ń sọ fún àwọn jagunjagun pé kí wọ́n dẹwọ́. Ara dá a bẹ́ẹ̀ kí ogun fáírọ́ọ̀sì má baà ba ẹran ara tó yè jẹ́, jẹjẹrẹ sì rí i, ó fi bojú.

Àwọn oògùn tó ń bọ̀ láti inú ìmọ̀ yìí kò sì rọrùn. Ní 2015, àwọn oníwádìí ní Baltimore àti Toronto fi hàn pé oògùn tó ń ṣí jíìnì tí a tì pa, irú bíi azacitidine, máa ń jí àwókù fáírọ́ọ̀sì àtijọ́ tó wà nínú DNA wa. Nǹkan bí ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún DNA èèyàn ló ti ọ̀dọ̀ irú wọn wá. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ á rò pé fáírọ́ọ̀sì ti kọ lu òun, interferon á sì jáde. Èyí mú orí mi wú. Ṣùgbọ́n ẹ wo DMXAA, oògùn tó ń wo kókó eku sàn lọ́nà ìyanu, tí wọ́n fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tí kò sì ṣiṣẹ́. Ìgbà tó yá, ní 2013, la mọ ìdí rẹ̀: STING eku ló ń lẹ̀ mọ́, kì í lẹ̀ mọ́ ti èèyàn.

Àwọn oògùn tó ń ṣí PD-L1 kúrò lójú ọ̀nà, tí iṣẹ́ James Allison àti Tasuku Honjo tó gba Nobel ní 2018 ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀, ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ là. Síbẹ̀, ní 2016, àwọn dókítà ní Los Angeles kọ ìròyìn nípa àwọn aláìsàn mẹ́rin tí jẹjẹrẹ awọ ara wọn, melanoma, ti wọlẹ̀ nítorí irú oògùn bẹ́ẹ̀, tó sì tún padà wá. Nínú méjì lára wọn, kókó tó padà náà ti pàdánù JAK1 tàbí JAK2, àwọn purotéènì tó ń gbé iṣẹ́ interferon lé STAT1 lọ́wọ́ kó tó kan IRF1. Sẹ́ẹ̀lì tí JAK2 rẹ̀ sọnù kò gbọ́ irú interferon tí wọ́n ń pè ní gamma mọ́, àmọ́ ó ṣì ń gbọ́ àwọn irú tó ń jẹ́ alpha àti beta. Èyí tí JAK1 rẹ̀ sọnù kò gbọ́ ìkankan. Orúkọ àrùn wọn kan náà ni, oògùn kan náà ni wọ́n lò, ṣùgbọ́n ojú ibi tí okùn ti já yàtọ̀, dókítà sì gbọ́dọ̀ yẹ jíìnì kókó náà wò láti mọ̀ ọ́n kó tó yan oògùn tó kàn.